Willem de Kooning: Rotterdam ló kọ́ ọ ni, àbí New York?

Aṣèbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń kà nípa Willem de Kooning, ayàwòrán ọmọ Họ́láńdì tó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà ní 1926. Wọ́n ní kò ní ìwé, kò gbédè, ilé ló sì ń kùn jẹun nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ìwé kan náà sọ pé wọ́n ta àwòrán rẹ̀ kan, *Interchange*, ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là ní 2015. Mo tẹjú mọ́ àwòrán yẹn títí, ọ̀dà tí wọ́n fà síbí, fà sọ́hùn-ún ni mo rí.

Kí ni ilé kíkùn ní í ṣe pẹ̀lú irú iṣẹ́ báyìí? Ṣé ó ti mọṣẹ́ kó tó kúrò nílé ni, àbí Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ẹni tó dà? Mo ti gbọ́ "ẹ̀bùn ni" tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà ni kó dá mi lóhùn.

---

Òpìtàn

Àbúrò, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ọmọ tálákà kan sá dé New York, ó rí òmìnira, ó bá di gbajúmọ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ ó ń jẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ òfìfo ló gbé wọ ọkọ̀.

Rotterdam ni wọ́n bí i sí, 24 oṣù kẹrin ọdún 1904. Leendert, bàbá rẹ̀, ń ta ohun mímu. Cornelia Nobel ni ìyá rẹ̀, òun náà sì ní ilé ọtí tó ń bójú tó. Tọkọtaya náà kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì dàgbà sí. Ní 1916, nígbà tó di ọmọ ọdún 12, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Jan àti Jaap Gidding, àwọn tó ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ọ̀gá yìí kì í ṣe kékeré. Jaap Gidding ló ṣe inú ilé sinimá Tuschinski ní Amsterdam lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 1921, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ọwọ́ ọmọ náà dá ṣáṣá, wọ́n bá ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì alẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Rotterdam. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ṣú, ó lọ síbi àwòrán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí di 1924. Níbẹ̀, wọn kò ya ayàwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ya ara èèyàn náà ni yóò kọ́ lẹ́tà kíkọ, bí a ṣe ń mú kí ohun tó jìnnà kéré lójú, àti bí a ṣe ń fi ọ̀dà ṣe igi lásán bí òkúta olówó iyebíye.

Tí o bá fẹ́ rí ẹ̀rí, wá àwòrán àwo, kẹ́tù àti jọ́ọ̀gì tó yà ní nǹkan bí 1921. Ó wà ní Metropolitan Museum ní New York. Èédú àti kéréyọ̀nù dúdú ló fi yà á, ó sì fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jọ fọ́tò. Ọmọ ọdún 17 ló ṣe iṣẹ́ yẹn o.

---

Ọlọ́dà

Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ibi tí Òpìtàn bá a dé, torí ọ̀rọ̀ "igi bí òkúta" yẹn ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà ṣe òkúta mábù nìyí. O máa kọ́kọ́ kun igi náà ní àwọ̀ ìsàlẹ̀, kó gbẹ dáadáa, kí o fi sáńpépà dán an títí ọwọ́ ò fi ní mọ ìlà búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Lẹ́yìn náà, o po ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òróró àti tọ́pẹ́ńtáìnì pẹ̀lú àwọ̀ díẹ̀, o fi bò ó. Má jẹ́ kó gbẹ. Inú ọ̀rinrin yẹn ni o ti máa fa iṣan òkúta, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, apá lo máa fi fà á, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Kó tó di, o mú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, o gbá a lórí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ títí etí ìlà yóò fi wọlé lọ.

Àkókò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ọ̀dà bá ti ń di, iṣan tí o fà yóò dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ bí òwú tó já sílẹ̀. Bó bá rin jù, gbogbo rẹ̀ yóò dà pọ̀ di ẹrẹ̀. Fífi ọ̀dà ṣe ohun tó jọ igi ní tirẹ̀, bíà tàbí ọtí kíkan ni àwọn àgbà oníṣẹ́ fi ń po àwọ̀ rẹ̀, torí ó ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á sì fi fáníìṣì tì í mọ́bẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe èyí lójoojúmọ́ fún ọdún mélòó kan, ara rẹ̀ á mọ ìgbà tí ọ̀dà ṣì ń gbà àti ìgbà tó ti kọ̀. Kò sí ilé ìwé tó ń fi ẹnu kọ́ni ní ìyẹn.

Ohun kejì tó gbé kúrò nílé ni búrọ́ọ̀ṣì àwọn tó ń kọ pátákó. Irun rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ sì ń gba ọ̀dà púpọ̀, kí o lè fa ìlà gígùn kan tán láì padà sínú agolo. Ọ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn bí epo pupa tó yọ́, kó má ṣàn bí omi. Bó bá ki, ìlà á máa já. Bó bá ṣàn jù, orí ìlà á wú. Wo àwọn àwòrán rẹ̀ ti 1940 sókè: ìlà tó ń lọ tó ń yí, tó tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan tó sì nípọn níbòmíràn láì dáwọ́ dúró. Búrọ́ọ̀ṣì olùkọ pátákó nìyẹn.

---

Aṣèbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ó yé mi. Tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tó báyìí, kí ló dé tó fi ní láti fara pamọ́ sínú ọkọ̀? Ebi ni?

---

Òpìtàn

Kì í ṣe ebi. Owó ni, àti ìfẹ́ ọkàn ọ̀dọ́. Ó ti lọ sí Brussels àti Antwerp ní 1924 láti ṣiṣẹ́. Amẹ́ríkà tó ń rò kì í ṣe ilé àwọn ayàwòrán ńlá. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà àti àwòrán inú ìwé ìròyìn ló ń wá lọ, torí ó gbọ́ pé owó wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Leo Cohan ló bá a ṣètò bó ṣe wọ ọkọ̀ ẹrù àwọn ará Bìrìtìkó kan tó ń jẹ́ *Shelley*. Ó balẹ̀ sí Newport News ní Virginia, 15 oṣù kẹjọ ọdún 1926. Ó gba Boston kọjá, ó sì wá dúró sí Hoboken ní New Jersey, níbi tí Manhattan ti ń wo èèyàn láti òdìkejì odò. Ilé tí wọ́n ń gba àwọn atukọ̀ ọmọ Họ́láńdì sí ló sùn. Kíá ló ríṣẹ́ akunlé, dọ́là 9 lóòjọ́. Ní 1927 ó kó lọ sí Manhattan, ó ń ṣe pátákó, ó ń ṣe fèrèsé ìpàtẹ ọjà fún ilé ìtajà bàtà, ó sì ń yàwòrán tirẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ìwé ìgbélùú lohun tó dà á láàmú pẹ́ jù lọ. Ní 1935 ìjọba Roosevelt ń gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé wó lulẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ kan sì jẹ́ dọ́là 23.86. De Kooning wọlé. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ lè yàwòrán láti àárọ̀ dé alẹ́. Ní 1937, nígbà tí wọ́n ní ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ onílùú kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ mọ́, ó ní láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò padà sí iṣẹ́ pátákó ní gbogbo ọjọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyà ló fi rọ́pò owó ọ̀sẹ̀. Ní 1962 ló tó di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, ọdún 36 lẹ́yìn tó balẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ pé òun ni ògo àwòrán Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice ní 1950 láti ṣojú ilẹ̀ náà, kò ní ìwé ọmọ onílùú.

---

Alátakò

Ẹ má bínú, ẹ̀yin méjèèjì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Rotterdam ló ṣe é, kí ló dé tí gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Gidding kò di de Kooning? Àwọn ayàwòrán tó bá pàdé ní New York ló là á lójú: Stuart Davis, John Graham, àti Arshile Gorky jù lọ, ará Àméníà tí òun náà ṣí wá láti òkèèrè. Ọ̀dọ̀ Gorky ló ti rí bí èèyàn ṣe ń bá Picasso, gbajúgbajà ayàwòrán ará Sípéènì, jà láì di ẹrú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ orí. Ìpàtẹ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan wáyé ní oṣù kẹrin 1948, ní gálírì (ilé ìpàtẹ àwòrán) Charles Egan. Oṣù yẹn gan-an ló pé ọmọ ọdún 44. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kì í jẹ́ kí èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

---

Ọlọ́dà

Mo gbà pé New York ló fún un ní ojú, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi gbèsè tó jẹ Gorky pamọ́ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó fi pẹ́ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ àwòrán tó ṣe kó tó di 1945 ló ha dànù. Ó mọ bí ohun tó mọ̀ ọ́n yà ṣe ń rí, ó sì kọ̀ kó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ ọ́n yà náà nìkan ni yóò máa ṣe. Akọ̀ṣẹ́mọṣẹ́ ni irú wàhálà yìí ń bá. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò ní ohun tó máa kọ̀.

Ìpàtẹ 1948 tí o dárúkọ yẹn, àwòrán mẹ́wàá ni, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ dúdú àti funfun. Gbogbo ayé ń wí pé torí kò lówó ra àwọ̀ ni. Òótọ́ ni pé ọ̀dà énámẹ́lì inú agolo tí wọ́n ń tà fún àwọn akunlé pọ̀ ju tinú ṣúúbù tí àwọn ayàwòrán ń lò lọ fún owó kan náà. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó nìkan, ì bá ti ra pupa tàbí búlúù inú agolo, iye kan náà ni.

Wo ohun tí énámẹ́lì ń ṣe. Ó ń tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ, kì í fi ojú búrọ́ọ̀ṣì hàn. Bí o bá kùn ún lálẹ́, ní àárọ̀ o lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Dúdú rẹ̀ ń dán. Bí o bá wá fi búrọ́ọ̀ṣì pátákó fa ìlà funfun sórí dúdú yẹn, ohun tó jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn àwòrán lánàá yóò di ara ohun tí a yà lónìí. Bí o bá fi dúdú gé e padà, ara yóò tún di ilẹ̀. Pẹ̀lú àwọ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń ronú bóyá pupa bá àwọ̀ ewé mu. Ìrísí nìkan lo kù tí o ń bá jà. Wo èyí tí wọ́n ń pè ní *Painting*, 1948, tí Museum of Modern Art rà nínú ìpàtẹ yẹn.

Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ rèé. Òfin àwọn àgbà ni pé ọ̀dà tó ní òróró púpọ̀ ló ń wà lókè èyí tí òróró rẹ̀ kéré, torí olóròró ń pẹ́ gbẹ. De Kooning ń po énámẹ́lì mọ́ ọ̀dà ṣúúbù, ó sì ń kó wọn lé ara wọn bó ṣe bọ́ sí i. Énámẹ́lì tó wà lókè yóò di awọ kíákíá, èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣì ń mí, ṣì ń sún. Ni awọ bá hun, tàbí kó là. Ó mọ òfin náà láti kékeré. Ó yàn láti rú u torí ohun tó fẹ́ rí lójú ẹsẹ̀.

---

Aṣèbéèrè

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́dà, èyí *Woman I* tí wọ́n ní ó gbà tó ọdún méjì ń kọ́? Àwòrán obìnrin kan tí kò tilẹ̀ jọ èèyàn dáadáa, kí ló ń ṣe nídìí rẹ̀ fún ọdún méjì?

---

Ọlọ́dà

Ó ń ha á. Ìyẹn ni ìdáhùn kúkúrú.

Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1950, lẹ́yìn tó parí *Excavation*, àwòrán ńlá tó wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Kánfáàsì *Woman I*, aṣọ tó yà á sí, ga ju sẹ̀ǹtímítà 190 lọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nìyí. Ó ń fi èédú ya apá, itan tàbí orí sórí pépà tó hàn fòó, ó gé e, ó fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ kánfáàsì, ó wò ó bóyá ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó lè kun ọ̀dà dé etí pépà náà, kó wá ṣí i kúrò, kí ìrísí kan tí kò pète já wálẹ̀ lójijì. Lórí àwòrán obìnrin kan tó fi ṣe ìdánrawò ní 1950, ẹnu tó gé láti inú ìpolówó sìgá Camel ló lẹ̀ mọ́ ọn, kó lè mọ ibi tí ẹnu máa jókòó sí. Ẹnu yẹn ni gbogbo nǹkan tó kù ń yí po.

Bí ọjọ́ bá parí tí ohun tó ṣe kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò. Èyí ṣe pàtàkì: bó bá fi sílẹ̀, ọ̀dà á ga bí òkìtì, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀la kò ní ṣàn lórí rẹ̀. Ó ń ha á, ó tún ń fi sáńpépà dán ibi tó ti gbẹ, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti dán igi kó tó di mábù. Ojú iṣẹ́ á padà tẹ́ pẹrẹsẹ, àmì ohun tó ti kọjá á sì ṣì hàn nísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kí apá kan ṣì rin ní ọjọ́ kejì ńkọ́? Ìwé ìròyìn ló ń tẹ́ lé e, kí afẹ́fẹ́ má tètè kàn án. Òróró inú ọ̀dà kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di líle. Dí afẹ́fẹ́, o ti ra ọjọ́ kan sí i. Nígbà tó bá ṣí ìwé ìròyìn náà, lẹ́tà inú rẹ̀ á ti wọ ara ọ̀dà, á dojú kọ ẹ̀yìn bí ìgbà tí èèyàn wò ó nínú dígí. Nígbà míì, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O máa rí i lára *Attic* (1949), *Gotham News* (1955) àti *Easter Monday*.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1952, *Woman I* sú u. Ó tú u kúrò lára férémù rẹ̀, ó gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Meyer Schapiro, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ló wá kí i tó béèrè rẹ̀, tí wọ́n jọ wò ó, ló bá tún kàn án padà. Ní 1953 ó gbé àwọn obìnrin náà jáde ní gálírì Sidney Janis, ariwo sọ, àwọn kan ní ó ti dalẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán tí kò jọ ohun kan pàtó. Museum of Modern Art ra *Woman I* lọ́dún yẹn náà.

---

Alátakò

Mo gbà ti híha náà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ Mondrian? Ayàwòrán ọmọ Họ́láńdì ni òun náà, New York ló kú sí.

---

Òpìtàn

Ọ̀nà wọn yàtọ̀. Mondrian ti lé ní ọdún 68 nígbà tó dé New York ní 1940, ó ti gba Paris àti London kọjá, gbogbo èèyàn ti mọ ohun tó ń ṣe. Ogun ló lé e dé ibẹ̀. Ó kú ní oṣù kejì 1944, ó sì fi *Victory Boogie Woogie* sílẹ̀ láì parí, téèpù aláwọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ níbi tó ti ń wá ibi tí ìlà máa jókòó sí. Ó jọ pépà tí de Kooning ń kàn mọ́ kánfáàsì, àbí? Ṣùgbọ́n Mondrian kó ọgbọ́n tó ti parí wá sí Amẹ́ríkà. Irin iṣẹ́ ni de Kooning kó wá. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè.

---

Olùtọ́jú Àwòrán

Mo fẹ́ fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọ̀dà tó ń rin yìí, torí ohun tó ṣe lẹ́yìn 1960 ló ń fún àwa tó ń tọ́jú àwòrán ní iṣẹ́ jù.

Ní 1963 ó kó kúrò ní Manhattan lọ sí Springs, ní East Hampton, etí òkun Long Island. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, omi, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára omi: ó rán an létí ilé. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ ọ̀dà tí kò ní gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ rárá. Òróró ọ̀gbọ̀ tí gbogbo ayé ń lò ń gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń pọ́n bó bá dàgbà. Ó fi òróró irúgbìn òdòdó safflower rọ́pò rẹ̀, èyí tó pẹ́ gbẹ tí kì í sì í pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó po ọ̀dà ṣúúbù, òróró yìí, omi àti kẹ́míkà tó ń yọ́ ọ̀dà sínú abọ́, ó lù ú bí ẹni ń lu ẹyin títí yóò fi wú.

Omi àti òróró kì í fẹ́ra, ẹ sì mọ̀. Lílù náà ló ń tú omi ká sí wẹ́wẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá wà lórí kánfáàsì, omi á gbẹ lọ, ojú ihò kéékèèké tí ẹ ń rí lára àwòrán rẹ̀ ti 1970 sókè ni ibi tí omi ti jáde. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń po máyọ̀nísì mọ́ ọ̀dà, ẹ má gbà. Àwọn tó fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò kò rí i níbẹ̀.

Ohun tó ti ibẹ̀ yọ: àwọn apá kan ṣì rọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀. Eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn. A ò gbọ́dọ̀ ká irú kánfáàsì bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dígí fara kàn án, ohun tí a fi ń nu àwòrán mìíràn sì lè yọ ọ̀dà tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀gbin.

Ti ọ̀rọ̀ kíká yìí, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí *Woman-Ochre* (1954–55). Ní oṣù kọkànlá 1985, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọ mùsíọ́mù University of Arizona ní Tucson. Obìnrin náà ń bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, ọkùnrin lọ sókè, ó fi abẹ gé àwòrán náà kúrò nínú férémù, ó fà á ya kúrò lára kánfáàsì tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ká a. Nígbà tí wọ́n rí i ní 2017, nínú ilé kan ní New Mexico, ọ̀dà ti là ní ìbú láti òkè délẹ̀, ó ti ń ṣí kúrò, ẹnì kan sì ti fi fáníìṣì bò ó. Àwọn olùtọ́jú ní Getty ní Los Angeles fi ohun èlò tí kò tóbi ju ti oníṣègùn eyín lọ tẹ ọ̀dà tó ń ṣí padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n yọ fáníìṣì, wọ́n sì so àwòrán náà pọ̀ mọ́ etí rẹ̀ tí olè fi sílẹ̀ nínú férémù lọ́jọ́ yẹn. Mùsíọ́mù kò ju etí náà nù fún ọdún 31. Ní 2022 ó padà sí Tucson. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

---

Aṣèbéèrè

Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó ń dà mí láàmú jù. Wọ́n ní àìsàn ìgbàgbé mú un lọ́jọ́ ogbó, síbẹ̀ ó ṣì ń yàwòrán. Ta ló ń yà á nígbà náà?

---

Olùtọ́jú Àwòrán

Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ti fohùn ṣọ̀kan. Láàárín 1981 sí 1990, ó ṣe àwòrán tó ju 300 lọ. Àìsàn Alzheimer ń jẹ ìrántí rẹ̀. Elaine, aya rẹ̀ tó fẹ́ ní 1943, tó sì ti padà wá dúró tì í, kú ní oṣù kejì 1989, lọ́dún yẹn náà ni ilé ẹjọ́ fi àkóso ohun ìní rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 19 oṣù kẹta 1997, ọmọ ọdún 92.

Àwọn kan ní àìsàn ló ya àwòrán wọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn ní àwòrán ìgbà yẹn ló dára jù. Èmi ń wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ń na kánfáàsì, wọ́n ń po ọ̀dà. Nígbà tó bá ṣòro fún un láti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tan àwòrán rẹ̀ àtijọ́ sára kánfáàsì, ó ń fi èédú tọ ìlà rẹ̀. Òun ló ń kùn ún, òun ló ń fi ọ̀bẹ pẹrẹsẹ irú èyí tí akunlé fi ń lẹ pútì ha á títí funfun fi dán, òun ló ń yí kánfáàsì po. Lójú tèmi, títí di nǹkan bí 1986, tirẹ̀ ni, láìsí àríyànjiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọ̀ síwájú rẹ̀, mo máa ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

---

Ọlọ́dà

Mo fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ fi kan kún un. Ohun tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí orúkọ èèyàn ń bọ́ lọ́kàn rẹ̀ ni ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ní Rotterdam: dán ojú iṣẹ́, fa ìlà láti èjìká, ha á, tún un fà. Àìsàn yẹn máa ń tètè gba ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, èyí tí ọwọ́ ti ṣe láti kékeré ló máa ń pẹ́ jù. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn, Alátakò.

---

Alátakò

Mo gbọ́. Mo ṣì dúró lórí Gorky. Àmọ́ mi ò ní sọ mọ́ pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan.

Ti owó tí àbúrò béèrè: *Interchange* yẹn, dọ́là 4,000 ni de Kooning gbà lórí rẹ̀ ní 1955. Ní 1989 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 20.7, kó tó wá di ti 2015. Èyí tó gun orí iye yẹn kò kan ọwọ́ ẹni tó yà á. Ẹ má fi 300 mílíọ̀nù wọn bó ṣe dára tó.

---

Aṣèbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní New York, ó ní òun á mú mi lọ wò wọ́n. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

---

Òpìtàn

Metropolitan Museum. *Easter Monday* àti àwòrán àwo àti kẹ́tù ti 1921, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà. Iṣẹ́ orí pépà kì í pẹ́ lórí ògiri torí ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́, nítorí náà kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó lọ. Tí ẹ bá dé iwájú *Easter Monday*, má dúró síwájú rẹ̀ nìkan. Lọ sí ẹ̀gbẹ́, jẹ́ kí iná máa ta lára ọ̀dà, kí o lè rí ibi tó ti ha á àti ibi tó ti dán an. Lẹ́yìn náà wá ibi tí lẹ́tà ìwé ìròyìn dojú kọ ẹ̀yìn. Gbé fóònù rẹ síwájú, yí kámẹ́rà padà bíi dígí, wàá lè kà á.